Lẹ́tà ṣíṣí: Ẹ má tíì kó ẹ̀rọ tépù yẹn wá sí Ilé-Ifẹ̀

Sí ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí wa l'ókè òkun, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń dá owó jọ fún stúdíò àwọn onílù,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrántí ilé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti rìnrìn àjò ló ń rántí pé àwọn bàbá tó ń lu dùndún fún wa níbi ìkómọ àti òkú àgbà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ohun tó wà nínú orí wọn ò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Ẹ̀yin rántí, ẹ sì mú owó jáde. Olúwa á fi kún un.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibi rèé. Mo gbọ́ voice note tó ń lọ káàkiri yẹn, èyí tí ọ̀kan nínú yín ti sọ pé ẹ ti rí ẹ̀rọ tépù 24-track kan (èyí tó ń gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí tépù kan) ní Amẹ́ríkà, tòkunbọ̀, pé owó ẹ̀ ò wọ́n, pé ẹ máa jù ú sínú kọ̀ǹténà torí digital, ìyẹn sísọ ohùn di nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ti ba orin jẹ́, inú analog, bíi tépù tí kì í sọ ohùn di nọ́ńbà, ni ohùn gidi wà. Mo ní mi ò ní dá sí i. Àmọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ká gba ohùn sílẹ̀ ni mò ń ṣe ní ìlú yìí ló ń pè mí, wọ́n ní kí ni mo rí sí i, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síta, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn bá mi jiyàn lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀bẹ̀ mi ò gùn: ẹ má tíì ra ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi digital gba ohùn àwọn bàbá yìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi owó tó kù tún yàrá ṣe, kẹ́ ẹ fi ra máíkì, kẹ́ ẹ fi ṣètò iná. Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan analog ṣáà ni ọkàn yín fẹ́, ó ní èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà, mo máa débẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí gan-an ò tó bí wọ́n ṣe ń gbé e. Máíkì tá a máa gbé síwájú ìlù, analog ni. Preamp tó máa gbé ohùn máíkì yẹn sókè, analog ni. Sípíkà tá a fi ń gbọ́ ọ, analog ni, etí tiwa náà ńkọ́? Ohun tá à ń tìtorí ẹ̀ bá ara wa fa wàhálà ò ju ibi tá a máa tọ́jú ohùn náà sí, ṣé orí tépù ni àbí inú kọ̀ǹpútà. Tí máíkì ò bá dáa, tí yàrá kún fún gbohùngbohùn, tí onílù ò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kò sí tépù tó máa tún un ṣe.

Wọ́n á ní digital máa ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, pé ó rí bí àtẹ̀gùn, pé ohun tó wà láàárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì ti sọnù nìyẹn. Àwòrán àtẹ̀gùn yẹn wà káàkiri, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. CD tó jáde ní 1982 máa ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìyẹn sì tó láti mú gbogbo ohùn tí kò bá ga tó 22,050 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ọmọdé tí etí ẹ̀ mú dáadáa kì í gbọ́ kọjá nǹkan bíi 20,000, àwa tá a ti pẹ́ díẹ̀ láyé ò tiẹ̀ gbọ́ débẹ̀ mọ́. Nígbà tí ohùn bá ń jáde padà, ẹ̀rọ tó ń yí i padà máa ń fà á ní ìlà kan gbọọrọ, kò sí àtẹ̀gùn níbì kankan, ìṣirò ni, àwọn onímọ̀ méjì kan, Nyquist àti Shannon, ti ṣe é kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbé ìlù náà lọ sí Orísun FM, ẹ rántí pé rédíò FM fúnra ẹ̀ kì í gbé ohùn tó bá kọjá 15,000 Hz, ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Modákẹ́kẹ́ ò lè mọ̀ bóyá orí tépù lẹ ti gbà á tàbí inú láptọ́ọ̀pù.

Mi ò sọ pé tépù ò dáa o. Ó níbi tó ti dáa gan-an. Tí ìyáàlù bá kígbe lójijì, tí ohùn ẹ̀ pọ̀ ju ohun tá a retí lọ, tépù máa ń gbà á mọ́ra, ó máa rọ etí ẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń dùn-ún gbọ́. Digital ò mọ ìyẹn. Tó bá ti kan 0, òkè pátápátá lórí òṣùwọ̀n digital, ó fọ́ nìyẹn, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe. Àwọn ẹnjiníà ayé àtijọ́ ti mọ́ra pé kí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ohùn máa wọ ibi pupa, nígbà tí wọ́n wá gbé irú ìwà bẹ́ẹ̀ dé orí digital, ohùn ń fọ́, wọ́n ní digital ni ò dáa. Tiwa rọrùn: ẹ jẹ́ kí ibi tó bá ga jù wà ní nǹkan bíi −12 lórí òṣùwọ̀n yẹn, ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24-bit (bí digital ṣe ń wọn ohùn kínníkínní tó), àyè ṣì pọ̀ lókè, àyè ṣì pọ̀ nísàlẹ̀, tí onílù bá rọra fi ọ̀pá kan awọ bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹ ò ní gbọ́ ṣììì tépù lẹ́yìn ẹ̀. Ṣaworo tó wà létí ìyáàlù náà wà níbẹ̀, ohùn tó mú, tó ga, tó ń ta jìn-ìn jìn-ìn. Tẹ́ ẹ bá ti ohùn wọ tépù jù, ohùn tó ga báyẹn ló kọ́kọ́ máa ń kú. Ẹni tó bá sì fẹ́ irú adùn tépù yẹn, ó lè fi sọ́fíwíà wọ́n ọn sí i tó bá yá, ohùn tó mọ́ ṣì máa wà nílẹ̀. Ohùn tí tépù bá ti yí padà, ta ló fẹ́ yọ ọ́ kúrò?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn yín. Àwo àtijọ́ ni. Ẹ gbọ́ I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó wà nítòsí wa níbí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, ẹ gbọ́ bí ìlù àti gìtá ṣe jókòó sínú ohùn ẹ̀, ẹ wá fi wé ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé jáde. Èmi náà ń gbọ́ ọ, ó ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un. Gbogbo wọn á wọ inú yàrá kan ṣoṣo, máíkì ò pọ̀, wọ́n á jọ lù ú, wọ́n á jọ kọ ọ́, tí ẹnì kan bá ṣì í gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tó sì ti jọ ń ṣeré láti alẹ́ dé ìdájí lóde àríyá, ta ló fẹ́ ṣì í? Lóde òní ọmọ kan máa wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè fi kíbọ́ọ̀dù ṣe bíìtì, òmíràn á wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè wá kọrin sí i, wọn ò tiẹ̀ ríra, wọ́n á wá fi autotune lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tépù kọ́ ni ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ kó àwọn bàbá yìí jókòó pọ̀, ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, ìsaájú, gúdúgúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ojú ara wọn, kí wọ́n lù ú látòkè délẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà gbà á, ẹ máa gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá.

Ẹnì kan máa sọ pé ṣebí tépù ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Paul McCartney, olórin Gẹ̀ẹ́sì, gan-an wá rékọ́ọ̀dù ní stúdíò EMI ní Apapa ní 1973, ẹ̀rọ tépù 8-track ló bá níbẹ̀, àwo yẹn sì ta kárí ayé. Àgbà wa Haruna Ishola kọ́ stúdíò 24-track sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Ní ìgbà yẹn, tépù ń wọlé, ẹnjiníà wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa tún ẹ̀rọ yẹn ṣe lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé-Ifẹ̀ ti òní lẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ yẹn wá, ẹ jẹ́ ká wo ilé ọ̀hún.

Iná ni àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìlù tá a fẹ́ gbà sílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Kò ní ẹnu, kò ní ahọ́n, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ àti bó ṣe ń fà á láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, òun nìkan ló fi ń sọ oríkì èèyàn. Tí tépù bá wá ń sáré díẹ̀, tó ń falẹ̀ díẹ̀, ohùn ìlù á máa gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí onílù ò ti ní kó gòkè, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Lórí gìtá, ẹni tó ń jó ò lè mọ̀. Lórí dùndún, àgbàlagbà tó gbọ́ ìlù á ní kí lẹni yẹn ń wí. Ẹ̀rọ tó bá wà ní ipò tó dáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ti gbó ńkọ́? Ó tún kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tépù tó ti pẹ́, àgàgà àwọn tí ò tóbi, iná fúnra ẹ̀ ni mọ́tò wọn ń tẹ̀ lé. Iná tiwa níbí ń gbọ̀n ní 50 Hz, ti Amẹ́ríkà ní 60. Ẹ má sọ pé step-down wà o. Step-down máa sọ 220 di 110, kò lè sọ 50 di 60. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bá dé Ifẹ̀, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tó yẹ kó sá láá máa sá, tẹ́ ẹ bá fi tépù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà sí i, ọmọge á máa kọrin bíi bàbá àgbàlagbà. Àwọn ńláńlá kan ní servo, ohun tó ń ṣọ́ eré mọ́tò fúnra ẹ̀, tí ò fi ti iná ṣe, bóyá èyí tẹ́ ẹ rí yẹn wà lára wọn, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á. Tí ò bá sí lára wọn, tẹ́ ẹ wá ń fi jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré gbé e, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú ilé bá ṣáà ti tan fíríìjì ni jẹ́nẹ́rétọ̀ á mí kanlẹ̀, ẹ fọkàn yàwòrán ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí oríkì yẹn.

Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. Ọ̀pọ̀ audio interface kéékèèké, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì wọ kọ̀ǹpútà, ń gba iná lára láptọ́ọ̀pù, òun náà ló ń fún máíkì ní iná 48V tó fi ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Tépù fúnra ẹ̀ wá ńkọ́. Iléeṣẹ́ Quantegy tó jogún iṣẹ́ tépù ṣíṣe lọ́wọ́ Ampex wó lulẹ̀ ní 2005, lónìí àwọn tó ṣì ń ṣe tépù stúdíò ò tó nǹkan, RTM ní Faransé, ATR Magnetics ní Amẹ́ríkà. Kó tó dé ọwọ́ wa, ẹ ti san owó ọkọ̀, ẹ ti san owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Róòlù kan tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500, tẹ́ ẹ bá sá a ní 15 íǹṣì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 33 ló tán. Tẹ́ ẹ bá sá a ní 30, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí bàbá tó ń ki ìdílé kan rí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa júbà, á máa wo ojú àwọn èèyàn, ìgbà tó bá máa fi wọ ibi tí ara ti ń gbóná, tépù yín ti ń pariwo fàrà fàrà lórí róòlù òfìfo. Ẹ wá ní, ẹ tún un ṣe láti ibẹ̀ o, bàbá. Kò ní ṣe é bákan náà mọ́ láéláé! Inú kọ̀ǹpútà, track mẹ́jọ ní 24-bit, 48 kHz (ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan gbáko, ó lé díẹ̀ ní 4 GB. Flash 64 GB tí wọ́n ń tà ní Lágere níbí gba nǹkan bíi wákàtí 15.

Àtúnṣe ẹ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọtí isopropyl nu orí tó ń ka tépù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ pa agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, kẹ́ ẹ tò ó bó ṣe yẹ fún track kọ̀ọ̀kan, 24 ni wọ́n. Ẹni tó máa ṣe é ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti digital náà kó má dà bíi pé mo gba owó lọ́wọ́ wọn. Digital lè kú lójijì. Tépù tó ti wà láti 1950 àti díẹ̀ ṣì ń dún, Steve Albini, ẹnjiníà ohùn tó kú ní 2024, fi gbogbo ayé ẹ̀ sọ ọ́ ní Chicago, òótọ́ ló sọ. Ẹ lọ wo ADAT, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò S-VHS ló ń kọ digital sí, lónìí àtirí ẹ̀rọ tó máa kà á dìṣẹ́. Hard disk máa ń kú, fáírọ́ọ̀sì wà, olè wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ má fi pamọ́ sínú sọ́fíwíà ẹnì kankan, ẹ sọ ọ́ di WAV lásán, irú fáìlì ohùn tí sọ́fíwíà gbogbo ń ṣí, ẹyọ track kọ̀ọ̀kan, kó wà níbi mẹ́ta: ọ̀kan ní Ifẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ọ̀kan kẹ́ ẹ bá láíbìrì Hezekiah Oluwasanmi ní OAU sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n á gbà á, kí ẹnì kan sì máa ṣí i wò lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ohùn tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀ bíi voice note níbẹ̀, ó ti fún un pa.

Ó yá, nǹkan analog tó yẹ kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó dáa kan, àti ẹ̀rọ róòlù kékeré oní-íǹṣì-ìdá-mẹ́rin kan tó bá ṣeé ṣe, láti fi GBỌ́ ohùn, kì í ṣe láti fi gbà á. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú àpótí ní àwọn agbo ilé wa, láti Ìlàrè dé Ìrẹ̀mọ, kásẹ́ẹ̀tì ló kún ibẹ̀. Òkú bàbá kan ní nǹkan bíi 1984, ìwúyè, ìjálá, ewì, àwọn onílù tí àwọn tá a fẹ́ gbà sílẹ̀ yìí kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn yẹn ń kú lọ ní báyìí tá à ń sọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ẹ̀ sì gba sùúrù. Wọ́n á gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, funfun funfun ti hù sí etí tépù, ẹ ò gbọdọ̀ tì í bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tú síkúrù kéékèèké márùn-ún tó wà lára ẹ̀, àwọn kan ò tiẹ̀ ní síkúrù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni, ẹ ó rọra fi ọ̀bẹ là á. Fóòmù kékeré tó máa ń ti tépù mọ́ orí ẹ̀rọ ti já bọ́, ẹ máa yọ ti kásẹ́ẹ̀tì tuntun fi dípò ẹ̀, ẹ ó kó róòlù méjèèjì sínú ike kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, tó ń dún bíi pé wọ́n da aṣọ bo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ mú síkúrù-díráfà tó tín-ín-rín, ẹ yí síkúrù azimuth, èyí tó ń tọ́ bí orí ẹ̀rọ ṣe dúró, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, díẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́, ṣaworo á ṣàdédé là, bí ẹni ṣí fèrèsé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Ẹ gbà á sínú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Tépù róòlù ti àwọn ọdún 1970 sí 1980 tó bá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ti mu omi inú afẹ́fẹ́ nìyẹn, wọ́n máa ń yan án nínú nǹkan bíi 54°C fún wákàtí díẹ̀ kó tó dún, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni kó ṣe é, kì í ṣe inú óòfù ìyá ẹnì kankan.

Ẹ̀rọ 24-track yẹn ò lè ṣe ìkankan nínú èyí. Tépù oní-íǹṣì-méjì ló ń lò, ó fẹ̀ jù fún irú tépù wọ̀nyí.

Yàrá ló kù. Ibi tẹ́ ẹ fi hàn nínú fọ́tò yẹn, páànù ló wà lórí ẹ̀, bulọ́ọ̀kù lásán ni ògiri, tí òjò bá rọ̀ iṣẹ́ ti tán nìyẹn, ọ̀kadà ń kọjá, mọ́sálásí lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì lápá òsì. Ẹ fi owó kọ̀ǹténà yẹn ṣe àjà méjì, kẹ́ ẹ fi rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, sáàárín wọn, kẹ́ ẹ fi irú ẹ̀ náà ṣe pánẹ́ẹ̀lì sí ara ògiri. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kì í dí ariwo ìta o, ohùn òkè òkè nìkan ló ń mu, á wá jẹ́ kí ohùn kẹríkẹrì máa wú nínú yàrá. Sólà àti ínfátà tó jẹ́ pure sine wave, pẹ̀lú earth tó dáa, kí húùù iná má bàa wọ inú máíkì. Máíkì condenser, irú tó máa ń gbọ́ ohùn kínníkínní, méjì síwájú gbogbo wọn, ọ̀kan sí i fún ìyáàlù, kó jìnnà sí awọ tó nǹkan bíi ìdajì mítà, máíkì SM57 fún gúdúgúdú torí ó le, kò sì wọ́n. Tó bá kù, ẹ ra hard disk.

Ohun kan tí mi ò sì rí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbé síta ni owó àwọn bàbá fúnra wọn. Mo rí owó ẹ̀rọ, mo rí owó ọkọ̀, mo rí owó kámẹ́rà tó máa ya ọjọ́ ìṣílé. Onílù tó bá jókòó fún wa láti àárọ̀ dé ọ̀sán pàdánù òde tó yẹ kó lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ máa san fún wọn sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sí ara gbogbo fáìlì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ta ló máa gba owó tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìlù yẹn sínú fíìmù lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú àwọn ọmọ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ pè mí, alẹ́ ló dáa jù, torí ọ̀sán mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni tiyín, àbúrò yín tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.